Ojú Ìyá Lára Táǹkì Epo

Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ti bú. Kò sẹ́ni tó kú. Ká kọ́kọ́ dúpẹ́ lórí ìyẹn ná.

Èkíní bú lójú àwọn ará ìlú Yauco tí a ń bá sáré, tí wọ́n pàtẹ́wọ́. Èkejì bú lójú ìyàwó ẹni tó ni ín, tí kò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀kẹta bú lójú àlùfáà ìjọ wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi mímọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán. Láti ọjọ́ náà ni àlùfáà ti ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé.

Ẹni tó ni wọ́n ni Edelmiro, tí gbogbo àdúgbò wa ní Coamo ń pè ní Miro. Ọkùnrin jẹ́jẹ́. Kì í mutí ju bó ṣe yẹ lọ, kì í tẹ̀ lé obìnrin kiri, kì í ta tẹ́tẹ́. Gbogbo ohun tí àwọn ọkùnrin mìíràn pín sí ọ̀nà mẹ́wàá fi ń ba ayé ara wọn jẹ́, Miro kó o jọ sójú kan: Starlet àtijọ́ kan, ọkọ̀ kékeré bí àpótí bàtà, tí wọ́n ṣe láti máa gbé tíṣà lọ sílé ìwé kó sì gbé e padà wálé.

Miro ò jẹ́ kó gbé tíṣà kankan. Ó yọ àga ẹ̀yìn. Ó yọ àga iwájú tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó yọ rédíò, ó yọ kápẹ́ẹ̀tì, ó yọ gíláàsì, ó fi ike sí i. Nítorí ìwúwo. Ó yọ ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ náà gbé wáyé, ó fi òmíràn tó jù ú lọ sí i, ó sì so tọ́bò mọ́ ọn: irin kan tó rí bí ìgbín, tó ń ki afẹ́fẹ́ bọ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu bí ìyá àgbà tó ń rọ ọmọ lágbo. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀, epo náà gbọ́dọ̀ pọ̀. Bí epo bá fà sẹ́yìn nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì ń wọlé, iná inú ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá àlà, písítìn á yọ́ bí bọ́tà. Kò sí ohun tó le níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ibí ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó mọ Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run.

Gbogbo èyí fún eré tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Títì kan gbọọrọ, ọkọ̀ méjì, iná kan lórí òpó. Iná tàn, ọkọ̀ fò. Ó parí. Àwọn kan ń lọ sí etí òkun lọ́jọ́ Ìsinmi.

Láàárín ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ Miro ni láti gbé táǹkì omi sórí ilé àwọn èèyàn kó sì so pọ́ǹpù mọ́ ọn, nítorí ọjọ́ tí omi ẹ̀rọ bá lọ. Omi ẹ̀rọ máa ń lọ. Miro kì í wá iṣẹ́. Láti òkè dé etí òkun, kò sẹ́ni tó mọ ìrìn omi nínú táǹkì jù ú lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Òun fúnra rẹ̀ kò fi sọ́kàn.

*

Táǹkì epo Starlet náà, àpótí alumíníọ̀mù kékeré ni, tí a dè mọ́lẹ̀ nínú búùtù, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń kó ọjà sí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ní ẹnu tí epo ń gbà jáde, pẹ̀lú ọ̀pá àti bóòtù tó rí wúruwùru. Ẹ̀gbẹ́ kejì tẹ́jú. Ó ń dán. Ojú Miro lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú, ọkàn rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Doña Eufrasia ni à ń pe ìyá rẹ̀, nítorí Doña ni ìyá àgbà níbí, Don sì ni bàbá àgbà; opó ni, ẹni ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí Ọjọ́ Àwọn Ìyá ń bọ̀, Miro gbé táǹkì lọ fún ayàwòrán kan ní Ponce. Ayàwòrán ya màmá sí i. Ó yọ ogún ọdún kúrò lójú rẹ̀, ó bá a tún imú ṣe, ó fi òdòdó pupa fòò yí i ká bíi Màríà Mímọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí búùtù fún màmá, omi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ eré tí kò wá. Àga tí a ń ká, agbòòrùn, ìkòkò ìrẹsì olótílì, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Doña Providencia láti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n á wo àwòrán. Providencia á ní imú yìí dára o. Ìgbà náà ni wọ́n á tó lọ jókòó.

Ọ̀nà méjì ló wà láti de táǹkì náà mọ́lẹ̀. Kí ẹnu epo kọjú sẹ́yìn ọkọ̀, kí màmá kọjú síwájú, níbi tí kò ti ní rí nǹkan kan àyàfi ẹ̀yìn orí ọmọ rẹ̀. Tàbí kí màmá kọjú sẹ́yìn, sí gbogbo ayé, kí ẹnu epo kọjú síwájú.

Miro ò ronú gùn. Ó tiẹ̀ rí àlàyé gidi fún un.

"Ẹnu tó bá kọjú síwájú, ọ̀pá á kúrú," ló wí. "Epo á tètè dé."

Àwa tí a dúró yí i ká pẹ̀lú bíà lọ́wọ́ mi orí. Ọ̀pá á kúrú. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ta ló fẹ́ ọ̀pá gígùn?

*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bákan náà ni. Nínú marquesina, ìyẹn abẹ́ òrùlé tí a ń gbé ọkọ̀ sí níwájú ilé, Starlet á ké bíi kìnnìún. Kò ní wúkọ́, kò ní sín. Lórí títì náà, iná á tàn, á fò. Á dé ìdajì ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ á yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí omi há lọ́fun. Lẹ́yìn náà, èéfín.

Lalo ló ń bá a tún un ṣe. Lalo ni bàbá ìsàmì ọmọ Miro, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi ń pe ara wọn ní kompadre. Amòye ni Lalo. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n ó ń lò ó dáadáa.

"Pọ́ǹpù ni, kompadre."

"Pọ́ǹpù?"

"Ó kéré. Ebi epo ń pa ẹ́ńjìnnì. Ra èyí tó jù ú lọ."

Ó ra èyí tó jù ú lọ. Ẹ́ńjìnnì kejì bú.

"Kompadre, pọ́ǹpù ni."

"Ńlá ni mo rà, Lalo!"

"Ńlá wà, ńlá sì wà. Fi méjì sí i."

Ó fi méjì sí i. Ẹ̀kẹta tètè bú ju èkejì lọ. Ẹlòmíràn ì bá ronú. Ṣé oògùn tí a ń lò, tí àìsàn ń le sí i, oògùn ni? Lalo náà ronú, ó ronú gan-an, ó na ìka sókè.

"Mẹ́ta," ó wí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni Nereida, ìyàwó Miro, jáde sí marquesina. Ó ń nu ọwọ́. Iṣẹ́ irun ni Nereida ń ṣe, inú kíṣìnì ló sì ti ń ṣe é, láàárín sítóòfù àti fíríìjì, nítorí ibi tó yẹ kó wà, ohun kan wà níbẹ̀ tó ti bú lẹ́ẹ̀mẹta.

"Miro."

"Èmi rèé."

"Èyí tó bú lánàá yẹn, ẹ̀kẹta ni àbí ẹ̀kẹrin?"

"Ẹ̀kẹta ni."

"O ṣeun. Àwọn oníbàárà mi ń bi mí, mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ ẹ."

Lalo kó ọkàn sí fífi aṣọ nu sípánà kan tó ti mọ́.

"Gbọ́ o," Nereida ní. "Mi ò bínú. O ṣì ní ẹ́ńjìnnì kan nílẹ̀, mo rí i lábẹ́ tapólì. So ó mọ́ ọkọ̀. Lọ sáré lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Tó bá padà wálé lódidi, mi ò ní dárúkọ marquesina yìí mọ́ láyé mi. Inú kíṣìnì ni màá ti máa ṣe irun títí wọ́n á fi gbé mi lọ."

"Nereida, o ò ní láti..."

"Mi ò tíì parí. Tó bá bú, ọkọ̀ yìí jáde, àga mi wọlé. Àti díráyà mi. Àti dígí mi ńlá."

"Jáde lọ síbo?"

"Ilé ìyá ẹ. Ṣebí fọ́tò ẹ̀ ló wà lẹ́yìn ẹ̀."

Miro wo Lalo. Lalo wo sípánà.

"Mo gbà," Miro wí.

Ẹ́ńjìnnì kẹrin yẹn, orí òkìtì irin kan ní Guayama ni wọ́n ti hú u jáde. Wọn ò rí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo ìhà gúúsù. Bó bá lọ, ó lọ nìyẹn. Ọkùnrin tí kò ní marquesina ńkọ́, ibo ló fẹ́ dúró sí lẹ́yìn iṣẹ́? Nínú yàrá? Kó jókòó bí àlejò? A káàánú rẹ̀ gan-an. A mu bíà rẹ̀ tó kù.

*

Ọ̀sẹ̀ náà ń rìn lọ. Wọ́n fi pọ́ǹpù mẹ́ta sí i. Wọ́n tẹ ẹ́, ó ké, kò wúkọ́. Inú Lalo dùn. Miro ò sùn dáadáa.

Ọjọ́ kan ṣáájú eré, wọ́n ránṣẹ́ pè é sílé Don Gumersindo, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ ìrèké. Pọ́ǹpù omi rẹ̀ ń hó, kì í gbé omi. Miro gun òrùlé. Don Gumersindo gùn ún tẹ̀ lé e, ó ń mí hẹ̀hẹ̀.

"Don Gume, ta ló gbé táǹkì yìí síbí?"

"Èmi náà ni. Ó yẹ kí n pè ẹ́, àmọ́ mo ní kí n má yọ ẹ́ lẹ́nu."

"Ẹ ṣeun o. Ẹ ò yọ mí lẹ́nu rárá. Ẹnu ọ̀pá ńkọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ sápá ibí?"

"Kó lè sún mọ́ ilé ìdáná. Ọ̀pá á kúrú."

Miro bú sẹ́rìn-ín. Ó di táǹkì mú kó má bàa ṣubú.

"Ọ̀pá á kúrú! Ẹ gbà mí o! Don Gume, ẹ wo òrùlé yín. Ó dà sápá ọ̀hún. Omi ń sá lọ sápá ọ̀hún, ẹ wá gbé ẹnu sápá ibí. Omi gba ọ̀nà Ponce, ẹnu gba ọ̀nà San Juan. Kí lẹ fẹ́ kí pọ́ǹpù máa fà? Àdúrà?"

"Ọmọkùnrin mi ní kí n ra pọ́ǹpù tó jù ú lọ."

"Pọ́ǹpù tó jù ú lọ! Irú ọmọ wo nìyẹn? Ẹ ra èyí tó tóbi bíi ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹnu ò bá ti sí nínú omi, afẹ́fẹ́ ló máa mu. Tó bá tóbi sí i gan-an, á tiẹ̀ tètè gbá omi tó kù nídìí ẹ̀ gbẹ ni. Ọmọdé mọ èyí, Don Gume! Ọ̀lẹ pọ́ńbélé ló máa..."

Ó wo ibi tí òrùlé dà sí.

Don Gumersindo dúró. Ó rò pé èébú ṣì kù.

"Ọ̀lẹ pọ́ńbélé ló máa ṣe kí ni?"

Miro tú ọwọ́ kúrò lára táǹkì. Ó rọra jókòó sórí òrùlé gbígbóná náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nítorí òrùlé Don Gumersindo dà sẹ́yìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n Starlet, bí iná bá ti tàn tó fò, gbogbo ohun inú rẹ̀ tí a kò dè ló ń sá lọ sẹ́yìn. Epo náà ń sá lọ sẹ́yìn. Epo ò sì pọ̀ nínú táǹkì, nítorí ìwúwo. Ìwọ̀n tó máa gbé e dé òpin nìkan ni wọ́n ń bù sí i. Yóò ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú. Yóò máa gbá ìyá rẹ̀ lójú láti inú. Níwájú, níbi tí ẹnu wà, afẹ́fẹ́. Pọ́ǹpù mẹ́ta tí ń mu afẹ́fẹ́. Ọ̀gá àwọn elétáǹkì láti òkè dé etí òkun.

"Ṣé oòrùn ló mú ẹ?" Don Gumersindo bi í.

"Rárá, sà," Miro wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí fún gbogbo ohun tí mo sọ."

*

Ọ̀sán ọjọ́ náà, òun àti Lalo tú táǹkì. Iṣẹ́ kékeré ni. Yí i po, so ọ̀pá gígùn mọ́ ọn, dè é. Wọ́n wá rí i pé iṣẹ́ gidi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló máa sọ fún Màmá?" Lalo bèèrè.

"Ìwọ ni bàbá ìsàmì ọmọ ọmọ ẹ̀."

"Ìwọ ló bí."

"Bóyá ká ya òmíràn sára ilẹ̀kùn."

"Ayàwòrán yẹn ti kó lọ sókè òkun, sí Orlando, láti oṣù tó kọjá."

Lalo di bóòtù tó kẹ́yìn.

"Kompadre," Lalo wí jẹ́jẹ́, "ṣé ó dá ẹ lójú pé kì í ṣe pọ́ǹpù?"

"Lalo."

"Mo kàn ń bèèrè ni."

Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó sọ fún màmá. Àwọn ọkùnrin méjì tó lè ki ojú bọ ẹ́ńjìnnì tó ń jó.

Ọjọ́ Ìsinmi. Oòrùn tẹ pápá eré mọ́lẹ̀, òórùn táyà jíjó àti ẹlẹ́dẹ̀ sísun. Doña Eufrasia dé pẹ̀lú agbòòrùn, Providencia gbé ìkòkò. Àwọn méjèèjì lọ tààrà sẹ́yìn Starlet, bí ẹni tó ń lọ gba ara Olúwa.

Búùtù wà ní ṣíṣí. Ọ̀pá. Bóòtù. Okùn wáyà.

"Miro," màmá wí. "Níbo ni mo wà?"

"Ẹ wà níbẹ̀, Màmá. Ẹ ṣì wà níbẹ̀. A kàn yí yín díẹ̀ ni."

"Ẹ yí mi."

"Ẹ kọjú síwájú báyìí."

Màmá tẹ orí wọ inú búùtù. Ó wò ó títí, ó tún yọ orí jáde.

"Ó da ojú mi kọ inú òkùnkùn," ó sọ fún Providencia. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. Ìyẹn burú jù.

"Ọmọ ayé ìsinsìnyí," Providencia wí.

Nereida, tó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ táǹkì náà látinú kíṣìnì, ti dé ibẹ̀ nígbà náà. Gbogbo ọdún tí Nereida àti ìyá ọkọ rẹ̀ ti wà pa pọ̀, wọn ò tíì fẹnu kò lórí ohun kan rí, títí kan iye iyọ̀ tó yẹ kó wà nínú ẹ̀wà. Lọ́jọ́ náà, ìfẹ́ wọlé.

"Miro! Kí ló dé? Ìyá ẹ rèé o! Ìyá tó bí ẹ! O da ojú ẹ̀ kọ ògiri bí ọmọ tó yàgbẹ́ sílé? Yí i padà. Yí i padà báyìí báyìí."

"Nereida, o mọ ohun tí ò ń ṣe."

"Èmi? Mò ń gbèjà ìyá ọkọ mi ni."

"Gbọ́ ohun tí ìyàwó ẹ sọ," màmá wí, ó sì di ọwọ́ Nereida mú. Mo fojú ara mi rí i. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń pe orúkọ. Wọ́n pe ará Yauco tí wọ́n jọ máa sáré. Wọ́n pe Miro. Lalo ti jókòó sórí kúlà, ó dorí kodò, ó ń ka ihò okùn bàtà rẹ̀.

Miro wo táǹkì. Ó wo Nereida, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bíi ańgẹ́lì. Bó bá yí i padà, á bú ní ìdajì ọ̀nà, kò sí iyè méjì mọ́, àga onírun á wọlé ṣáájú oúnjẹ alẹ́. Bí kò bá yí i, ó ti ṣe ohun tí ọmọ kan kì í ṣe ní àdúgbò wa.

"Màmá," ó wí. "Ojú yín ló ń mú ẹ́ńjìnnì bú."

Màmá fi ọwọ́ Nereida sílẹ̀.

"Kí lo wí?"

"Mo kọjú yín sẹ́yìn kí ayé lè rí yín. Epo wá ń sá lọ síbi tẹ́ ẹ wà, ẹnu ọ̀pá wà níbòmíràn, kò rí epo mu. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àṣìṣe tèmi ni, kì í ṣe tiyín. Àmọ́ mi ò lè yí yín padà lónìí. Ẹ má bínú sí mi. Tàbí kẹ́ ẹ bínú. Mi ò ní yí i."

Doña Eufrasia wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé àga rẹ̀, fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ó gbé e dé ẹ̀bá wáyà tó yí títì ká. Ó ṣí i. Ó kọ ẹ̀yìn sí títì, ó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó jókòó, ó ṣí agbòòrùn.

"O da ojú mi kọ ògiri," ó wí. "Ó dáa. Mo ń wo ògiri."

Miro tọ̀ ọ́ lọ. Ó tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. Àwa níbí, bí ewú bá bo gbogbo orí wa, a kì í jáde nílé, a kì í pa fóònù, láìtọrọ ìbùkún lọ́wọ́ ìyá. Kí a tó wọ ọkọ̀ eré ńkọ́!

"Ìbùkún, Màmá."

Màmá ń wo ọkọ̀ akẹ́rù kan tí kò ṣe é ní nǹkan kan.

"Màmá. Ìbùkún."

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Miro dìde. Kò gba ìbùkún. Ó wọ ọkọ̀. Lalo ló bá a de bẹ́líìtì.

Ọkọ̀ méjèèjì dúró. Iná òpó sọ̀ kalẹ̀: òféfèé, òféfèé, àwọ̀ ewé. Starlet fò. Iwájú rẹ̀ gbé sókè, àpótí bàtà tó fẹ́ lọ sọ́run. Gbogbo wa tí a dúró léti wáyà di ọwọ́ ara wa mú, a ń retí ìdajì ọ̀nà. A mọ ibẹ̀. A lè fi ìka tọ́ka sí i. Màmá náà mọ ibẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó kọ sí wa. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ há mọ́ igi agbòòrùn.

Ìdajì ọ̀nà.

Ohùn náà ò yí padà. Ó ń lọ. Ó tún ń le sí i. Ó gùn, ó tẹ̀ síwájú, kò wúkọ́, kò sín, ó lọ títí ó fi di ohun kékeré kan lókèèrè, nígbà náà ni Miro gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo, tí ohùn náà rọlẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ohun tí ara rẹ̀ le.

Ariwo sọ. Lalo ń fò lórí kúlà.

"Ọlọ́run bùkún ẹ," Doña Eufrasia wí, sí ọkọ̀ akẹ́rù náà. Kò yíjú padà.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Ará Yauco ṣì ń bọ̀. Nígbà tí Miro padà dé, Nereida ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fetí sí ẹ́ńjìnnì tó ń kùn láìsí wàhálà. Ẹ̀rín ańgẹ́lì ti lọ.

"Ó wà lódidi," ó wí.

"Ó wà lódidi."

"Marquesina ti di tìẹ." Ó kọjú sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Doña Eufrasia, iyọ̀ inú ìrẹsì yín yìí ti pọ̀ jù."

Màmá ti yíjú padà wàyí. Miro ló ń wò.

"Níbi tí mo kọjú sí nínú ọkọ̀ nísinsìnyí, kí ni mò ń wò?"

"Ẹ̀yìn orí mi, Màmá."

"Ìyẹn náà," ó ní. "Ẹnìkan yẹ kó máa ṣọ́ ọ."

*

A ò rò pé wàhálà wà nínú àṣeyọrí. Wàhálà wà nínú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Miro jáde sí marquesina rẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ó nu ibi kan. Ó tún ibẹ̀ nù. Ó dé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọdún bíi mélòó kan ló ti ń dúró síbẹ̀ pẹ̀lú òróró títí dé ìgúnpá, àwọn ọkùnrin mẹ́fà á dúró yí i ká, oníkálukú pẹ̀lú ìmọ̀ràn tirẹ̀. Ta ló máa wá gba ẹni tí nǹkan rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níyànjú?

Lalo wá lẹ́ẹ̀kan.

"Ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Lalo wo òrùlé, ó wo ilẹ̀. "Ṣé kì í mi díẹ̀ tó bá..."

"Kì í mi."

"Ó dáa." Ó dúró díẹ̀ sí i, nítorí ọmọ ìsàmì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ré kọjá lọ sílé kẹta sí ti Miro, níbi tí jíà ọkọ̀ ẹnìkan ti fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi náà. Gbogbo wa wà níbẹ̀. Ó tutù, bíà pọ̀, jíà náà bàjẹ́ débi pé ó wuni. Láti ibẹ̀, a ń gbọ́ tí Miro ń tẹ Starlet nínú marquesina rẹ̀. Ohùn náà dára gan-an. Kò sẹ́ni tó dìde.

Ọjọ́rú, ó gbálẹ̀ marquesina. Ọjọ́bọ̀, ó wọ kíṣìnì. Nereida ń ti róólà bọ irun obìnrin kan, sítóòfù ń jó lẹ́yìn rẹ̀.

"Ibi yìí há," Miro wí.

"Ó há. Ibí la ti ń ṣe é."

"Tó o bá gbé àga ẹ síta... Ẹ̀gbẹ́ ògiri ọ̀hún ṣófo. Ọkọ̀ náà kéré."

"Mo ti pàdánù," Nereida wí, kò gbójú sókè. "Mo fẹnu ara mi sọ ọ́. Mi kì í gba ìtọrẹ."

"Kì í ṣe ìtọrẹ."

"Kí ni, nígbà náà?"

Miro wo sítóòfù. Ó wo obìnrin tó wà lórí àga, ìyàwó alápatà, tó ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ kó lè gbọ́ ohun gbogbo.

"Kò sẹ́nì kankan níta," ó wí.

Nereida fi róólà mẹ́ta sí orí obìnrin náà, ó jẹ́ kó dúró. Lẹ́yìn náà ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí díráyà.

Miro fúnra rẹ̀ ló gbé e. Ó gbé díráyà, ó gbé àga, ó gbé dígí ńlá, ó kàn án mọ́ ògiri, ó fa wáyà iná. Ìyàwó alápatà jókòó lẹ́bàá Starlet, gbogbo orí rẹ̀ róólà, ó ń wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn.

"Ọkọ̀ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ nìyí?" ó bèèrè. "Kí ló tiẹ̀ ń ṣe é tẹ́lẹ̀?"

Ojú Miro là. Ó fa àpótí kan sún mọ́ ọn, ó jókòó.

"Epo," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín. Gbogbo ayé rò pé pọ́ǹpù ni."

Nereida fa díráyà bo obìnrin náà lórí, ó tan án. Ó ń hó bí òjò lórí páànù. Miro na ọwọ́ méjèèjì, ó ń fi ìkan ṣe táǹkì, ó ń fi ìkejì ṣe epo, ó ń sáré é sẹ́yìn. Ìyàwó alápatà ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ń mi orí.